Kọ́lé, Kọ́mọ: Àgbéyẹ̀wò Àjọṣe Ìlú àti Ẹkùn Ilé-Ìwé ní Kalifọ́níà

Bí ènìyàn bá rin ìrìn-àjò dé àwọn ìlú tó yí omi San Francisco ká ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó sì yà sí ọgbà ilé-ìwé kan ní àdúgbò tí ilé tuntun ti ń hù bí olú, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ohun kan lórí pápá tó yẹ kí àwọn ọmọdé máa sáré kiri lórí rẹ̀. Ilé pẹlẹbẹ kan ni, tí kò ní ìpìlẹ̀ nínú ilẹ̀, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24 ní ìbú àti 40 ní òòró, tí wọ́n gbé pákó dagun sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè rí i gbà wọlé, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọmọ tí a pọ̀n. Ọkọ̀ àjàgbé ló gbé e wá ní ìdajì méjì. Wọ́n so ìdajì mọ́ ìdajì, wọ́n fa iná sí i, wọ́n to àga sínú rẹ̀, ó di kíláàsì. Kíláàsì alágbèéká ni, ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fi lò ó. Ṣùgbọ́n òmíràn wà nínú wọn tí àwọn tó kọ́kọ́ jókòó nínú rẹ̀ ti di òbí, tí wọ́n ti ń mú ọmọ tiwọn wá sẹ́nu ọ̀nà kan náà.

Ohun tó gbé ilé yìí dé orí pápá náà ni mo fẹ́ tú wò níhìn-ín, nítorí kò sí ẹnì kan tó jókòó tó sì pète pé kí ọmọ máa kàwé níbi tó yẹ kó ti máa ṣeré. Àwọn baba wa tó sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ẹnu kan náà ni wọ́n fi pe ilé àti ọmọ, ìṣe kan náà, èyí tí í ṣe kíkọ́, ni wọ́n sì fi de méjèèjì pọ̀. Òfin Kalifọ́níà tú ìdè náà, ó gbé ilé fún ọ́fíìsì kan, ó gbé ọmọ fún òmíràn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ìgbìmọ̀ ìlú, tí àwa ìbá pè ní káńsù, ló ń ya pláànù ìlú, òun ló ń sọ pé ilé gbígbé ni kí ó wà níhìn-ín àti ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tí ó ń la ọ̀nà tí ó sì ń tọ́jú ọgbà ìtura. Ẹkùn ilé-ìwé kì í ṣe ẹ̀ka lábẹ́ káńsù yìí rárá. Ìjọba kékeré ni òun fúnra rẹ̀, tó ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, tó ní olórí tirẹ̀, àpò tirẹ̀, ilẹ̀ tirẹ̀ àti ààlà tirẹ̀, ààlà yìí kì í sì í bá ti ìlú dọ́gba. Irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ lé ní 900 ní ìpínlẹ̀ náà. Ìlú San Jose nìkan ní ẹkùn 19 tí wọ́n pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé bí olórí ìlú náà bá fẹ́ bá àwọn tó ń kọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni mọ́kàndínlógún ni yóò ránṣẹ́ pè. Káńsù kò lè pàṣẹ fún ẹkùn. Kódà bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ ẹkùn bá dìbò bẹ́ẹ̀, wọ́n lè yọ ilẹ̀ kíláàsì wọn kúrò lábẹ́ òfin ìlò ilẹ̀ tí ìlú ṣe. Ẹkùn náà kò lè pàṣẹ fún káńsù, kò sì lè kọ ọmọ. Ọjọ́ tí ẹbí kan bá kó ẹrù wọ ilé tuntun ni ẹkùn di ajigbèsè àga kan fún ọmọ wọn.

Èmi kò ní bá àwọn tó ya méjèèjì nípá jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn alátùn-únṣe tó wà nígbà náà rí bí àwọn olóṣèlú ìlú ṣe ń fi iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ìkọ́lé ilé-ìwé ta àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn lọ́rẹ, wọ́n sì rò pé bí a bá mú ilé-ìwé kúrò lábẹ́ òrùlé wọn, ọmọ yóò rí ìsinmi. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí ọdún 1955 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, mọ̀ pé káńsù ló ni àwọn ilé-ìwé tí a ń pè ní L.A., tó jẹ́ pé ọwọ́ tó ń la ọ̀nà àdúgbò náà ló ń bójú tó ilé-ìwé àdúgbò, nítorí náà ìyapa tí mo ń sọ yìí lè ṣàjèjì sí etí wa. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ jọ mọ iye ẹnu tí wọ́n ń bọ́. Èyí gan-an ni kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá sọ ọ̀rọ̀ di rannto. Títí di ọdún 1978, owó-orí ilé ni ẹkùn fi ń jẹun jù, bí ilé bá sì ṣe ń pọ̀ tí ó ń níye lórí, bẹ́ẹ̀ ni owó ń wọlé. Lọ́dún náà ni àwọn ará Kalifọ́níà dìbò fún Àbá 13, èyí tó sọ pé owó-orí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ, àti pé iye tí a kà sí ilé lọ́rùn kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbéra lọ́dún kan títí wọn yóò fi tà á. Àgbàlagbà tí owó-orí ti fẹ́ lé kúrò nílé rẹ̀ mí kanlẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹkùn ti ń gbà yá owó fi kọ́ ilé-ìwé dí pa, kò sì ṣí padà àfi ní 1986, nígbà tí òfin tún gba ẹ̀yáwó láyè bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i, èyí tó ṣòro bí ìgbà tí a ń fi abẹ́rẹ́ walẹ̀. Ọdún kan náà ni ilé aṣòfin fún ẹkùn ní agbára láti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́lé tuntun: dọ́là kan àbọ̀ lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan níbùú-lóòró.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà dé kóòtù. Ní San Diego, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà bẹ̀bẹ̀ pé kí káńsù yí ìlò ilẹ̀ kan padà fún òun. Káńsù kọ̀, wọ́n ní ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ kò lè gba ọmọ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà pẹjọ́, ó ní òun ti san owó tí òfin ní kí òun san. Ní 1988 kóòtù dá káńsù láre. Fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìlú lè wo akọ́lé lójú kó sọ pé, níbo ni àwọn ọmọ inú ilé yìí yóò jókòó sí? Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ ilẹ̀, ó máa ń jẹ́ ilé-ìwé odindi. Àwọn akọ́lé bínú, wọ́n gba olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n sì mú bọ̀ ní 1998 ló ń darí ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Òfin tuntun náà, tí ìbò ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 9.2 dọ́là fún ilé-ìwé jọ rìn, sọ pé bí akọ́lé bá ti san owó tí a là sílẹ̀, ó ti parí gbogbo ojúṣe rẹ̀ sí ilé-ìwé, ìlú kankan kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí pé ilé-ìwé kún kọ ilé fún un mọ́. Dọ́là 1.93 ni owó náà lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1998. Ní 2024 ó ti di 5.17. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ilé tó tóbi tó 1,500 ẹsẹ̀ bàtà yóò mú 7,755 dọ́là wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bèèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní Kalifọ́níà mọ̀ bí owó yẹn yóò ṣe jìnnà tó kó tó tán.

Ó yẹ kí n sọ òdodo ìdí kejì òfin yìí, nítorí kò wá láti inú ojúkòkòrò akọ́lé nìkan. Àwọn ìlú kan wà tó sọ ilé-ìwé di asà: wọn kò fẹ́ kí tálákà wá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò sì fẹ́ fẹnu ara wọn sọ ọ́, nítorí náà wọ́n á ní kíláàsì ti kún. Gbígba asà náà lọ́wọ́ wọn dára. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé òfin náà gba ẹnu ìlú mọ́ asà náà. Nígbà tí ìlú lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní ìdí láti pe ẹkùn jókòó. Ọjọ́ tí sọ̀wédowó bá ti parí gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó ń fi dandan mú ẹnikẹ́ni lọ sídìí tábìlì mọ́. Owó sì ni owó, kì í ṣe ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ́lé tán pátá ní àdúgbò kan kí ẹkùn tó gbọ́, gbogbo owó tó wà nínú àpò rẹ̀ kò lè ra éékà mẹ́wàá láàárín ilé àwọn ènìyàn.

Lóòótọ́, òfin fi ìwọ̀nba ìjíròrò sílẹ̀. Bí ìlú bá fẹ́ yí pláànù rẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ fi han ẹkùn; bí ẹkùn bá fẹ́ ra ilẹ̀ ilé-ìwé, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pláànù ìlú, tí yóò dá a lóhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí ìdáhùn náà bá sì tako ilẹ̀ náà, ẹkùn yóò dúró ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn kó tó lè rà á. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Àwọn ìlú tó gbọ́n ti mọ̀ pé ìwé kò tó, wọ́n sì ti dá ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbìmọ̀ méjì-méjì sílẹ̀: ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú méjì, ọmọ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé méjì, tí wọ́n jọ ń pàdé lóòrèkóòrè, tí ará ìlú sì lè wọlé wá gbọ́ wọn.

Ìpàdé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òfìfo. Mo mọ̀ pé òmíràn kò ju ìkíni àti tíì lọ. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti gbóná, ohun tó wà lórí tábìlì rọrùn láti rí. Ìlú kó ìwé gbogbo ilé tó fọwọ́ sí wá, pẹ̀lú iye yàrá inú wọn. Ẹkùn kó ìṣirò tirẹ̀ wá nípa iye ọmọ tí irú ilé kọ̀ọ̀kan máa ń mú wá sílé-ìwé. Ìṣirò yìí ni ìyá gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí igba ilé adáwà tó ní yàrá mẹ́rin mẹ́rin, tí ó ní ẹ̀yìnkùlé, kò ní bí iye ọmọ kan náà pẹ̀lú igba fúláàtì oníyàrá kan tí ó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè, bẹ́ẹ̀ ni ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba ràn lọ́wọ́ kò ní bá ilé olówó gọbọi dọ́gba. Ìlú tó bá kàn sọ pé òun fọwọ́ sí igba ilé kò tíì sọ ohunkóhun fún olùkọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó: láti ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí pláànù títí dé ọjọ́ tí ọmọ àkọ́kọ́ yóò gbé báàgì wọlé, ọdún mélòó kan máa ń kọjá, àwọn ọdún náà sì tó fún kíkọ́ kíláàsì bí ẹnì kan bá tètè sọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gba ọ̀nà mìíràn, mo sì fẹ́ fẹnu bà wọ́n díẹ̀. Ní Montgomery County, ìpínlẹ̀ Maryland, òfin kan ti wà láti 1973 tó so àṣẹ ìkọ́lé mọ́ àyè tó wà ní ilé-ìwé; nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti rí i pé ọmọ yóò ju ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún àyè lọ ní àgbègbè kan, ìkọ́lé yóò dúró níbẹ̀. Ní 2020 wọ́n pa ìdádúró náà rẹ́, ìdí tí wọ́n sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ fún àròjinlẹ̀: wọ́n ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń kún ilé-ìwé kò wá láti inú ilé tuntun, inú ilé àtijọ́ ni wọ́n ti wá, níbi tí arúgbó ti ta ilé fún ọ̀dọ́ tọkọtaya. Florida, níbi tí ààlà ẹkùn ilé-ìwé àti ti káúńtì ti jẹ́ ọ̀kan náà, sọ irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ di dandan ní 2005, ó sì tún sọ ọ́ di ìfẹ́-inú ní 2011. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé dídá ilé dúró kì í dá ọmọ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kalifọ́níà: Emeryville ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ìlú kékeré ni, tó há sáàárín Oakland àti Berkeley, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju máìlì kan àti díẹ̀ níbùú-lóòró lọ. Ìlú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni nígbà kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn kógbá wọlé, ṣọ́ọ̀bù, fúláàtì àti ilé-iṣẹ́ Pixar tó ń ṣe fíìmù àwòrán ló gba ipò wọn. Ìlú ń là, ẹkùn ilé-ìwé rẹ̀ ń rù. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ gba àkóso rẹ̀ ní 2001. Ohun tó wá mú mi fẹ́ràn ìtàn wọn ni pé wọn kò jókòó sídìí ẹ̀bi. Ìlú àti ẹkùn ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹkùn ní ilẹ̀ ní òpópónà San Pablo, ìlú ní agbára àti ìnílò. Lọ́dún 2010 ará ìlú dìbò fún ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 95 dọ́là, ní 2016 sì ni wọ́n ṣí ọgbà kan ṣoṣo tí ilé-ìwé àti gbọ̀ngàn gbogbo ìlú jọ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lọ́sàn-án, tí ará àdúgbò sì ń lò nígbà tí ilé-ìwé bá ti jáde.

Kò rọrùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń jíròrò, láàárín kan náà sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ pa àwọn àjọ atún-ìlú-ṣe rẹ́ ní 2012, àwọn àjọ tí owó wọn jẹ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú kéékèèké. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti gbìyànjú àjọlò ilé rí mọ̀ pé ọjọ́ ìṣíde kọ́ ni ìṣòro, ọ̀la rẹ̀ ni. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Ta ni yóò san owó ẹni tó ń gbálẹ̀ lálẹ́ Sátidé? Bí àjèjì bá yọ̀ ṣubú létí omi ìlúwẹ̀ẹ́, ta ni yóò dáhùn ní kóòtù? Ilẹ̀kùn wo ni a óò tì kí àgbàlagbà tí a kò mọ̀ má baà bá àwọn ọmọdé pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Àdéhùn tí kò bá dáhùn ìwọ̀nyí lẹ́yọ lẹ́yọ, lórí ìwé, yóò fọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ tí owó bá wọ́n, bí ó ti wù kí ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn tó fọwọ́ sí i pọ̀ tó.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣì ń ronú nípa ọmọ tó pọ̀ ju àga lọ, ayé yí. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba Kalifọ́níà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6.2 ní àárín ọdún 2010 sí 2019. Nígbà tó di 2023, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 5.8. Ilé ọ̀wọ́n ló fa apá kan nínú rẹ̀, nítorí ọ̀dọ́ tọkọtaya tí kò rí ilé rà yóò kó lọ síbi tí yóò ti rí, yóò sì kó ọmọ rẹ̀ lọ. Tíṣà náà kò sì rí ilé gbà mọ́. Òmíràn ń wakọ̀ láti òru kó tó lè dé kíláàsì rẹ̀. Ẹkùn tó ń bẹ ìlú tẹ́lẹ̀ pé kí ó rọra kọ́lé wá di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó kọ́ ọ.

Níbi tí ẹ̀bẹ̀ kò ti tó, àwọn ẹkùn kan gbé ṣọ́bìrì fúnra wọn. Ẹkùn Santa Clara ló ṣíwájú: ní 2002 ó kọ́ ogójì fúláàtì fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó pè é ní Casa del Maestro, ìyẹn ilé olùkọ́ ní èdè Sípéènì, ó sì tún fi ọgbọ̀n kún un lẹ́yìn náà. Ní Daly City, ẹkùn Jefferson Union, tí í ṣe ti ilé-ìwé girama, bẹ ará àdúgbò ní 2018, wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 33 dọ́là. Ní 2022 ni àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí kó wọ fúláàtì 122 tí wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ẹkùn. Ẹ wo bí ìjókòó ti yí padà: ẹkùn ni akọ́lé, ìlú ni ẹni tí yóò fún un ní ìwé àṣẹ, ẹni tí ó ti máa ń jókòó lẹ́yìn kàńtà ló wà níwájú rẹ̀ nísinsìnyí. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ìpínlẹ̀ náà sì fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti ìkòkò: òfin tí wọ́n ṣe ní 2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, sọ pé ẹkùn lè kọ́ ilé gbígbé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ láìtọrọ pé kí ìlú yí ìlò ilẹ̀ náà padà, bí ó bá ti tẹ̀ lé àwọn ìlànà tí a là sílẹ̀.

Ìbéèrè tó wá kù, òun ló sì ń ká mi lára jù, ni ti ilẹ̀. Ilé-ìwé tí ọmọ kò kún mọ́ dà bí ẹrù lọ́rùn ẹkùn tí owó ń wọ́n, akọ́lé sì ń fi owó ńlá lọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá tà á, owó náà yóò tán. Tí ọmọ bá padà dé, kò sí ilẹ̀.

Ìlú Palo Alto, ní Kalifọ́níà kan náà, ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Ilé-ìwé girama Cubberley ṣí níbẹ̀ ní 1956, nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ń dàgbà; ní 1979 wọ́n tì í, nítorí ọmọ ti dín. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ éékà 35, ní ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n bí ojú. Ní 1987 àwọn olùdìbò gbà kí ìlú máa bu owó-orí lé iná, omi, gáàsì àti tẹlifóònù tí wọ́n ń lò, láti 1990 sì ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí fi lára owó náà háyà Cubberley lọ́wọ́ ẹkùn. Inú àdéhùn yìí ni mo ti rí ohun tí mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ọ̀ràn tí mo yẹ̀ wò: ìlú gbà láti máa san owó fún ẹkùn kí ẹkùn má ṣe fi àwọn ilẹ̀ ilé-ìwé márùn-ún mìíràn kọ́ ohunkóhun mìíràn. Wọ́n ń san owó nígbà náà fún ilẹ̀ tí a kò tà. Ọmọ sì padà wá lóòótọ́. Ilé-ìwé Terman, tí wọ́n tì ní 1978, tí ìlú ti ń lò fún ará àdúgbò, ni ẹkùn tún bèèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ìlú yọ̀ǹda rẹ̀, ẹkùn sì fi éékà mẹ́jọ ní Cubberley ṣe pàṣípààrọ̀ fún un.  Terman tún gba akẹ́kọ̀ọ́. Ní Cubberley, nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ 1956 ti kọ́ ìṣirò, ayàwòrán ń po ọ̀dà, ẹgbẹ́ oníjó ń jó, wọ́n ń pàtẹ ìwé àlòkù lóṣooṣù fún títà, pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn ilé.